Bí A Ṣe Ń Gba Ara Wa Níyànjú Nínú Páríìṣì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Àwọn ìbéèrè tí àwọn ọmọ ìjọ máa ń bi ara wọn lẹ́yìn Máàsì, ní ìpàdé CWO àti CMO (ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àti ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin Kátólíìkì), àti nínú ọkọ̀ láti Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, ni a kó jọ síbí. Olóyè ìjọ ni yín o, ẹ ò sì di ipò kankan mú o, tiyín ni.

Ṣé iṣẹ́ Fádà kọ́ ni kí ó máa gba àwọn ọmọ ìjọ níyànjú?

Iṣẹ́ Fádà ni, tiyín náà sì ni. Fádà kan lè ní ìjọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lábúlé tó so mọ́ páríìṣì rẹ̀. Bó ti wù kó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó, kò lè mọ̀ pé Ìyá Ṣadé kò sùn lánàá. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń pọn omi lẹ́nu kànga kan náà lẹ mọ̀ ọ́n.

Hébérù 3:13 ní kí a máa gba ara wa níyànjú lójoojúmọ́, gbogbo àwọn ará ni wọ́n sì kọ ìwé náà sí. Ẹ wo Bánábà. Jósẹ́fù ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwọn àpọ́sítélì ló sọ ọ́ ní Ọmọ Ìtùnú (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 4:36). Nígbà tí gbogbo ọmọ ẹ̀yìn ní Jerúsálẹ́mù ń sá fún Sọ́ọ̀lù, Bánábà ló mú un lọ́wọ́ lọ bá àwọn àpọ́sítélì (9:27). Nígbà tó tún yá, ó gbéra lọ sí Tásù, ó wá Sọ́ọ̀lù kàn, ó sì mú un wá sí Áńtíókù (11:25-26). Ẹsẹ̀ ló fi ṣe é kí ẹnu tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìyànjú ní gbogbo ojú ewé yìí, ìrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ẹnì kan kò wá sí Máàsì mọ́. Sọ́ńdè mélòó ló yẹ kó kọjá kí a tó wá a lọ?

Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ẹ pè é lórí fóònù, ìrìn àjò lè ti gbé e. Sọ́ńdè kejì, ẹ lọ sílé rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di mẹ́rin. Tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó dá a dúró lè ti kúrò ńlẹ̀, ìtìjú yóò sì ti gba àyè rẹ̀: ó ń bẹ̀rù ohun tí ẹ ó sọ nígbà tó bá yọjú.

Kí ẹ tó lọ, ẹ ka ọjọ́. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yípo lórí kàlẹ́ńdà, nítorí àwọn àgbà a máa ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ tiwa jẹ́ ọjọ́ méje. Nítorí náà, ọjọ́ 28 sí 28 ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sí Sọ́ńdè, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni. Bí ìyá kan bá ń pa Sọ́ńdè kan jẹ nínú mẹ́rin láìyẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjà ló fà á, kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ rọ. Ohun tó nílò ni kí ẹnì kan sọ fún un pé Máàsì ìrọ̀lẹ́ Sátidé dúró fún ti Sọ́ńdè pátápátá (kánọ́ọ̀nù 1248, ìyẹn òfin kan nínú Ìwé Òfin Ìjọ). Níbi tí kò bá sí Máàsì ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ìgbìmọ̀ ìjọ kó kàlẹ́ńdà ọjà fún Fádà, kí wọ́n jọ wò ó bóyá Máàsì àárọ̀ kùtù ṣeé ṣe lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìyá ni à ń pè ní aláìnítara nígbà tó jẹ́ pé ètò tiwa ni kò rí tiwọn rò.

Báwo la ṣe ń ṣe àbẹ̀wò ọ̀hún? A máa ń débẹ̀, a ò sì ní mọ ohun tí a ó sọ.

Ẹ jẹ́ méjì. Ẹnì kan ṣoṣo, a lè fura sí i. Ẹni márùn-ún, ó ti di ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́. Bó bá jẹ́ obìnrin lẹ ń lọ bẹ̀ wò, kí obìnrin wà nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ má lọ ní kété tí Máàsì parí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àkókò oúnjẹ àti oorun ni. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ dára jù, kí wọ́n tó dáná alẹ́. Ẹ ta wọ́n lólobó lọ́jọ́ kan ṣáájú, nítorí àlejò òjijì a máa dójú ti onílé tí ilé rẹ̀ kò gún.

Bí ẹ bá dé, ẹ kí i bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kí ẹni tó ti pẹ́ lójú: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ará ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Ẹ jókòó bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó. Bí wọ́n bá gbé omi wá, ẹ mu ún. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ibẹ̀ ló máa ń le jù fún àwọn tó ní ìtara, àmọ́ ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ bá fi tẹ́tí sílẹ̀ yóò sọ ohun tí ẹ kì bá tí mọ̀ láé fún yín: owó ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì pé, àìsàn ọkọ, gbólóhùn kan tí ẹnì kan sọ sí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún tó kọjá.

Kí ẹ tó dìde, ẹ bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ kí a bá yín fi sínú àdúrà?" Ohun tó bá dárúkọ gan-an ni kí ẹ gbàdúrà lé lórí, kó má kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má sọ àdúrà di ìwàásù tí ẹ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bá onílé wí. Gbogbo àbẹ̀wò náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Tó bá jẹ́ ilé àìní, kóńgò gàrí kan tàbí abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tó gbóná lè bá yín lọ. Ẹ gbé e fún ọmọ tàbí ìyàwó ilé ní kọ̀rọ̀, kó má di ohun ìtìjú lójú aládùúgbò.

Láàárín ọjọ́ 14, ẹ padà lọ. Àbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo a máa dà bí ìgbà tí ọ̀gá ránni níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ló ń jẹ́ kí ẹni náà mọ̀ pé òun ló jẹ yín lógún.

Kí ni a kò gbọdọ̀ sọ?

"Ṣé ẹ ti kọ Ọlọ́run sílẹ̀ ni?" "Gbogbo ìjọ ló ń bi wá léèrè yín." Ìyẹn kejì yìí, ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni náà gbọ́ ni pé wọ́n ń sọ òun. Ẹ má sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé Ọlọ́run ló mọ ìdí. Ẹ kí i kú àmúmọ́ra, ẹ jókòó tì í. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀, ìyẹn nìkan ni wọ́n ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Ẹ má sì mú ọ̀rọ̀ owó kan ibẹ̀ rárá.

Owó ńkọ́ gan-an? Ẹni tó jẹ gbèsè owó ìjọ ń sá fún wa.

Ohun tó ń lé àwọn ènìyàn jáde jù nìyí, a ò sì gbọdọ̀ fi bò. Ẹni tí kò rí owó ìdáwó ọdọọdún san, tí wọn kò yan ohun tí yóò mú wá fún ìkórè fún un bí agbára rẹ̀ ti mọ, yóò rọra jókòó sílé. Bí wọ́n bá wá ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn onígbèsè níwájú ìjọ, kò ní padà wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í lọ́jọ́ náà kò ní gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kó yé gbogbo wa ohun tí Ìwé Òfin Ìjọ ti 1983 sọ. Kánọ́ọ̀nù 848 kò fàyè gbà á pé kí òṣìṣẹ́ Ọlọ́run béèrè ju ohun tí aláṣẹ fọwọ́ sí lọ nítorí sákírámẹ́ǹtì, ó sì ní kí a ṣọ́ra kí àìní má dí tálákà lọ́wọ́ àtirí i gbà. Kánọ́ọ̀nù 1181 sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa ìsìnkú. Kánọ́ọ̀nù 1184 ka irú àwọn tí a kò ní fi ètò Ìjọ sin bí wọn kò bá fi àmì ìrònúpìwàdà hàn kí wọ́n tó kú, kò sì dárúkọ ẹni tó jẹ gbèsè owó ìjọ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dẹ́rù ba opó pé "a ò ní sin ọkọ rẹ", ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí ẹni tó ń tọ́jú owó bá onígbèsè sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, kó bi í léèrè iye tó lè san lóṣooṣù, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní nǹkan rárá, iṣẹ́ ọwọ́ wà: gbígbá ṣọ́ọ̀ṣì, fífọ aṣọ pẹpẹ, ríro àyíká. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń gba ẹgbẹ̀rún náírà. Páríìṣì kọ̀ọ̀kan ló gbọdọ̀ ní ìgbìmọ̀ ìṣúnná (kánọ́ọ̀nù 537). Níbi tí wọ́n bá ti ń ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde fún ìjọ, sísan owó kì í le tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà kan ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Kí la lè ṣe yàtọ̀ sí pé ká kí i?

Ẹ ṣètò kí ó máa rí Kọmúníọ̀ gbà nílé. Ẹ fún Fádà tàbí katikísì ní orúkọ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, nọ́ńbà fóònù ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì sọ bóyá ó lè gbé nǹkan mì àti bóyá ó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá fẹ́ jẹ́wọ́, Fádà fúnra rẹ̀ ló gbọdọ̀ wá, ẹ sì gbọdọ̀ jáde kúrò nínú yàrá.

Ẹ bá wọn tún ibẹ̀ ṣe kó tó dé. Tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ó mọ́, tí kò sí agolo oògùn lórí rẹ̀. Aṣọ funfun kan lórí tábìlì náà, àgbélébùú láàárín, àbẹ́là kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ìṣáná nítòsí nítorí iná ìjọba. Ife omi tó mọ́ àti ṣíbí kan. Ẹ gbé orí ìyá náà sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí kó má baà há a lọ́fun. Bí ẹnu rẹ̀ bá gbẹ, ẹ sọ ọ́ ṣáájú. Fádà lè fún un ní ẹ̀là kékeré, kó sì fi omi ṣíbí kan tẹ̀lé e. Ààwẹ̀ wákàtí kan tó yẹ kó ṣáájú Kọmúníọ̀ kò de aláìsàn, kò de arúgbó, kò sì de ẹni tó ń tọ́jú wọn (kánọ́ọ̀nù 919). Ẹ má fi ebi pa ìyá tó fẹ́ lo oògùn.

Bí ó bá jẹ́ olùrànlọ́wọ́ tí a yàn fún pípín Kọmúníọ̀ ló gbé e wá, tààrà láti ṣọ́ọ̀ṣì ló gbọdọ̀ dé ilé aláìsàn. Kò gbọdọ̀ yà sọ́jà, kò gbọdọ̀ dúró kí ènìyàn lójú títì.

Òróró ìwòsàn ńkọ́? Ìbẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ láàárín wa: bí Fádà bá ti gbé òróró wọlé, àwọn ọmọ á bú sẹ́kún pé ó ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àìsàn tàbí ọjọ́ ogbó ti mú wọ inú ewu ni wọ́n ń fi í yàn, wọ́n sì lè tún fi í yàn án bí ara rẹ̀ bá yá tí àìsàn tún gbé e dè, tàbí tí ewu náà bá le sí i (kánọ́ọ̀nù 1004). Jákọ́bù 5:14 ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n gbàdúrà lórí rẹ̀. Ẹni tó ṣì lè pè wọ́n ló ń bá wí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìgbà tí kò mọ ènìyàn mọ́ ni wọ́n ń pe Fádà. A ṣì lè fi òróró yàn án nígbà náà, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́wọ́ mọ́, kò sì lè gba Kọmúníọ̀. Ẹ tètè pè é. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí àìsàn tó le, ọjọ́ tó ṣáájú ló dára jù.

Tọkọtaya kan ń bọ̀ ní Máàsì ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jókòó sẹ́yìn. Ìdána nìkan ni wọ́n ṣe.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìnáwó ni wọ́n ń bẹ̀rù. Wọ́n rò pé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì kò lè wáyé láìsí aṣọ ẹbí, kánópì, olórin àti màlúù, pàápàá lọ́dọ̀ àwa Ìjẹ̀bú tí ayẹyẹ kì í kéré lọ́wọ́ wa. Ẹ sọ fún wọn pé tọkọtaya, Fádà àti ẹlẹ́rìí méjì ti tó (kánọ́ọ̀nù 1108). Ó lè wáyé ní àárọ̀ ọjọ́ lásán, kí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀: kí wọ́n rí Fádà pọ̀; kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ìsàmì tuntun ní páríìṣì tí wọ́n ti sàmì wọn; kí Fádà wádìí bóyá ohunkóhun wà tó dí i lọ́wọ́, bíi ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí kò tíì tú; kí wọ́n gba ẹ̀kọ́; kí wọ́n sì mú ọjọ́. Ìwé ìsàmì ló sábà ń pẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ ìlú mìíràn ni wọ́n ti sàmì wọn, nítorí náà òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Bí ọ̀rọ̀ bá ní ìyàwó kejì nínú, ẹ má dá sí i, ẹ sin wọ́n dé ọ̀dọ̀ Fádà. Ní gbogbo àkókò yìí, àyè wà fún wọn ní Máàsì, nínú àdúrà, nínú iṣẹ́ àánú.

Ó ń tijú láti jẹ́wọ́ nítorí Fádà mọ ohùn rẹ̀.

Kó lọ sí páríìṣì mìíràn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni Ìjẹ̀bú-Igbó lè jẹ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Fádà kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó gbọ́ nínú ìjẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó rí (kánọ́ọ̀nù 983).

Mùsùlùmí ni ìdílé ọkọ mi. Báwo ni mo ṣe lè dúró láìdá ìjà sílẹ̀?

Lọ́dọ̀ wa, ilé kan lè ní Alhaji ní pálọ̀, kí katikísì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n dá Dáyósíìsì Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀ ní 1969, Anthony Saliu Sanusi ni Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Orúkọ tí àwọn Mùsùlùmí ń jẹ́ ni Saliu, ó sì jẹ́ ẹ títí. Ẹ bá wọn se oúnjẹ Iléyá, ẹ kí wọn kú ọdún, ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà ilé, kí ẹ sì mú àkókò àdúrà tiyín dání láìfi pamọ́, láìfi han-ni. Ojúde Ọba tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ìkíni sí Awùjalẹ̀ ni. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ló ń bá regbéregbé wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ ojúgbà wọn, jáde. Ẹ má fi í bú ẹnikẹ́ni nínú ìjọ.

Ẹ̀yin ará tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ má pe ìpàdé sílé rẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí ìpàdé àdúrà bá sì máa jẹ́ ní alẹ́, ẹ wádìí bóyá ọjọ́ náà bọ́ sí ìgbà Orò tàbí Agẹmọ ní àdúgbò yín, nígbà tí obìnrin kì í lè jáde. Ẹ gbé e sí ọ̀sán. Kò yẹ kí obìnrin máa yàn láàárín ìpàdé àti ẹ̀mí rẹ̀.

Ọmọ ìjọ wa ti ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá. Ọmọ ni? Iṣẹ́ ni? Àlá burúkú? Ohun náà ni kí ẹ bá a gbé. Ẹ má bú ibi tó ń lọ. Bí ẹ bá bú u, yóò di dandan fún un láti gbèjà rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ló ń wá, ẹ bá a sọ fún àwọn tó wà nínú ìjọ tó ní ilé iṣẹ́. Bó bá jẹ́ àìní, Ẹgbẹ́ St Vincent de Paul, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1833, iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn: wọ́n ń lọ sílé ẹni tí ìyà ń jẹ, ní méjì-méjì.

Èkó ni mo ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mò ń wá sílé. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kó dárúkọ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Àwòrán òdòdó tó ní ẹsẹ̀ Bíbélì tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́. Ẹ má gbé àwòrán aláìsàn tàbí ìṣòro ẹnikẹ́ni sí ojú ẹgbẹ́, àní láti fi tọrọ àdúrà, láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.

A fẹ́ yan bàbá ìsàmì fún ọmọ wa. Ta ló tọ́?

Ẹni tó pé ọdún 16 ó kéré tán, Kátólíìkì tó ti gba ìgbọ́wọ́lé (confirmation) àti Kọmúníọ̀, tí ìgbé ayé rẹ̀ bá ìgbàgbọ́ mu, tí kì í ṣe bàbá tàbí ìyá ọmọ náà (kánọ́ọ̀nù 874). Ẹnì kan tó, tàbí ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Àṣìṣe wa ni pé olówó là ń wá. Olówó tí kò ní mọ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ń lọ, kí ni yóò bá a gbé? Ẹ wá ẹni tó wà nítòsí, tí yóò máa rántí ọjọ́ tí wọ́n sàmì ọmọ náà, tí yóò kọ́ ọ ní Rósárì. Ìpín kan ṣoṣo, Mo kí Ọ Màríà mẹ́wàá, ti tó ọmọ kékeré. Odindi márùn-ún ní alẹ́ tí oorun ti ń kùn ún, ó ń kọ́ ọ láti kórìíra rẹ̀ ni.

Àwọn ọ̀dọ́, pàápàá àwọn tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjàgun, iṣẹ́ ni kí ẹ fi fà wọ́n: kíka ẹ̀kọ́ ní Máàsì, orin, ẹ̀rọ ohùn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn kí ẹ tó gbé wọn síwájú; ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín lórí pẹpẹ lẹ́ẹ̀kan kì í padà gòkè.

Ó ti rẹ àwa tó ń ṣe àbẹ̀wò yìí gan-an.

Ẹ ti gba ilé tó pọ̀ jù ni. Kí ẹni méjì má gbà ju ilé márùn-ún lọ lóṣù. Legion of Mary, tó bẹ̀rẹ̀ ní Dublin ní 1921, ń rán ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, ó sì ń gba ìròyìn rẹ̀ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Ẹ mú àṣà yẹn lò bí ẹ kò tilẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ náà: ẹni tó bá sọ ìròyìn, àárẹ̀ rẹ̀ á fúyẹ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ tí ẹ lọ, ohun tí wọ́n ní kí ẹ gbàdúrà lé lórí, ọjọ́ tí ẹ ó padà lọ. Ẹ má kọ àṣírí ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀, nítorí ìwé a máa sọnù. Nígbà tí ẹni tí ẹ wá kàn bá sì padà sí Máàsì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kó dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kí ẹ ṣí ìwé orin sí ojú ewé tó tọ́, kí ẹ sì nà án sí i.